Ọmọ Tí A Bá Ṣe Ìṣekúṣe: Gbígbà Á Gbọ́ Ni Oògùn Àkọ́kọ́

A ti sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa ibà, ìgbẹ́ gbuuru àti omi mímu ní ojú ewé yìí. Ọ̀rọ̀ ti ọ̀sẹ̀ yìí wúwo jù wọ́n lọ, kì í sì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fẹ́ sọ nígbà tí àlejò bá wà ní pálọ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé tí àgbàlagbà ń bá ṣe ìṣekúṣe ni. Mo mọ̀ pé inú àwọn kan lè má dùn pé mo mú irú ọ̀rọ̀ báyìí wá sínú ìwé ìròyìn tí tọmọdé tàgbà ń kà. Ṣùgbọ́n àìsàn inú ilé ni, a kò sì lè wo àìsàn tí a kò fẹ́ dárúkọ rẹ̀ sàn.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ń ṣe ní dispẹ́ńsárì kan ní Adó-Èkìtì níhìn-ín. Ó pọ̀ ìgbà tí ìyá kan yóò mú ọmọbìnrin kékeré wá, tí yóò ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi wo ọmọ yìí o, ó ń sunkún bí ó bá fẹ́ tọ̀. Ilé ìgbẹ́ tí gbogbo ayálégbé ń lò ni ó ti kó o." Nígbà mìíràn, òtítọ́ ni pé àìsàn lásán ni. Aràn lè mú kí abẹ́ ọmọ máa yún un. Ọṣẹ tí ó le lè bó o lára. Ọmọ kékeré a sì máa ki nǹkan bọ ara rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe tìtorí pé abẹ́ ń yún ọmọ nàka sí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé àtọ̀sí ni ó wà lára ọmọ tí ó ti kúrò ní ìkókó, ẹ jẹ́ kí ó yé yín pé a kì í kó àtọ̀sí láti orí ìjókòó ilé ìgbẹ́. Láti ara ènìyàn ni ó ti ń wọ ara ènìyàn. Ó yẹ kí a wádìí ẹni tí ó kó o ran ọmọ náà.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ tí ó ṣọ̀wọ́n ni. Ní ọdún 2014, àjọ tí ń ka iye ènìyàn ní Nàìjíríà, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ UNICEF àti àwọn onímọ̀ ìlera láti Amẹ́ríkà, wádìí ọ̀rọ̀ yìí káàkiri orílẹ̀-èdè wa. Nínú obìnrin 4, ẹni 1 ni ó sọ pé a ti bá òun ṣe ìṣekúṣe lọ́nà kan tàbí òmíràn kí òun tó pé ọmọ ọdún 18. Nínú ọkùnrin 10, ẹni 1 ni ó sọ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà kí ẹni tí ó bí ọmọkùnrin má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan òun. Púpọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí ni kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí kí àwọn olùwádìí tó bi wọ́n.

Àwọn wo ni ó ń ṣe é? Àwọn òbí a máa bẹ̀rù àlejò tí wọn kò mọ̀ rí, bẹ́ẹ̀ ni ó sì jẹ́ pé ẹni tí ọmọ mọ̀ dáadáa ni ó ń ṣe é jù lọ: ará ilé, aládùúgbò, olùkọ́, ẹni tí ń bá ọmọ ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, ẹni tí a ń rán ọmọ sí láti lọ ra nǹkan. Àwọn àgbà kúkú ti wí i pé kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ni ó wà. Nítorí pé ẹni mímọ̀ ni, ọmọ a máa bẹ̀rù láti sọ̀rọ̀, àgbàlagbà tí ó bá sì gbọ́ a máa fẹ́ pa ọ̀rọ̀ náà mọ́.

ỌMỌBÌNRIN KAN TÍ KÒ PANU MỌ́

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ọ̀dọ́bìnrin kan fún yín, ọmọ Nàìjíríà, tí kò gbà kí a pa irú ọ̀rọ̀ yìí mọ́. Olúwáṣeun Ayọ̀dèjì Osowobi ni orúkọ rẹ̀. Ọdún 1990 ni a bí i. Ó ti kàwé jáde ní yunifásítì, ó sì ń ṣe àgùnbánirọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ẹnìkan fipá bá a lò pọ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ń fi pamọ́ dé ibojì, òun dìde, ó sọ ọ́ ní gbangba. Ní ọdún 2014, ó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí ń jẹ́ Stand to End Rape, èyí tí a lè túmọ̀ sí Ẹ Dìde Kí Ìfipábánilòpọ̀ Dópin. Ẹgbẹ́ náà a máa ran àwọn tí irú ìjìyà yìí bá dé bá lọ́wọ́, lóbìnrin lọ́kùnrin: wọn a fi wọ́n mọ dókítà, wọn a fi wọ́n mọ agbẹjọ́rò, wọn a sì wá ẹni tí yóò máa bá wọn sọ̀rọ̀ títí ọkàn wọn yóò fi balẹ̀. Wọn a tún máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́ àti àwọn ará ìlú lẹ́kọ̀ọ́.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2019, nígbà tí kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, àwọn orílẹ̀-èdè Commonwealth fi í ṣe ọ̀dọ́ tí ó ta gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ yọ lọ́dún náà. Ní ọdún yẹn kan náà, ìwé ìròyìn TIME ti Amẹ́ríkà kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn 100 ènìyàn tí ìràwọ̀ wọn ń yọ bọ̀ ní ayé.

Mi ò tìtorí oyè yìí sọ ìtàn rẹ̀. Ìdí tí mo fi sọ ọ́ ni èyí: Osowobi kì í ṣe ọmọdé nígbà tí ó ṣẹlẹ̀ sí i. Ó ti dàgbà, ó ti kàwé, ó mọ orúkọ ohun tí a ṣe sí i. Síbẹ̀, ó gba ìgboyà kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ tó lè lanu sọ̀rọ̀. Mélòó mélòó wá ni ọmọ ọdún mẹ́fà tí kò mọ ohun tí à ń pe nǹkan náà, tí a sì ti fi ọ̀bẹ hàn án, tàbí tí a ti fún ní bisikíìtì, tí a ní kí ó má sọ fún màmá rẹ̀? Ọmọ náà kò lè dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ ń ṣe fún àwọn àgbà, àwa ará ilé ni a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe é fún ọmọ tiwa: kí a gbà á gbọ́, kí a mú un lọ sí ibi ìtọ́jú, kí a má sì fi í sílẹ̀ ní òun nìkan.

ÀWỌN ÀMÌ TÍ Ó YẸ KÍ Ẹ ṢỌ́

Ọmọdé kì í sábà fi ẹnu sọ ọ́. Ìwà rẹ̀ ni ó ń sọ ọ́. Ọmọ tí kì í tọ̀ sílé mọ́ lè tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sílé. Ọmọ tí ó máa ń sáré lọ sí ilé ẹnìkan lè bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún bí a bá rán an lọ síbẹ̀. Ó lè máa ké lójú oorun, kí ó má fẹ́ jẹun, kí iṣẹ́ ilé ìwé rẹ̀ sì dẹ̀yìn. Ó lè mọ ọ̀rọ̀ tàbí eré tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò tíì tó mọ̀. Ẹ̀jẹ̀ lè wà lára pátá rẹ̀, ó lè máa rìn gẹ̀ẹ̀rẹ̀, abẹ́ tàbí ihò ìdí lè máa dùn ún. Àmì kan ṣoṣo kò tó láti dá ẹjọ́, ṣùgbọ́n ó tó láti mú kí ìyá jókòó ti ọmọ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, kí ó sì bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ọ̀RỌ̀ ÀKỌ́KỌ́

Bí ọmọ bá sọ fún yín pé ẹnìkan ṣe nǹkan sí òun, ẹyin ni ohùn o, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni yóò fọ́. Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá kọ́kọ́ sọ ni ọmọ náà kò ní gbàgbé. Bí ẹ bá pariwo, "Kí ni o wá lọ síbẹ̀?" tàbí bí ẹ bá gbá a létí pé ó ń parọ́ mọ́ àgbàlagbà, ó lè má tún sọ̀rọ̀ mọ́ títí yóò fi di abiyamọ. Ohun tí ó yẹ kí ẹ sọ kò gùn: "Mo gbà ọ́ gbọ́. Ìwọ kọ́ ni o jẹ̀bi. O ṣeun tí o sọ fún mi."

Ẹ má ṣe búra fún un pé ẹ kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí pé ẹ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún àwọn tí yóò ràn án lọ́wọ́. Ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Dípò kí ẹ bi í pé, "Ṣé Bọ̀ọ̀dá Lágbájá ni?" ẹ bi í pé, "Ta ni? Kí ni ó tún ṣẹlẹ̀?" Ẹ má ṣe mú un ro ẹjọ́ náà fún gbogbo ará ilé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá ti sọ ọ́ fún ẹnìkan, ó tó; dókítà ni yóò tún bi í.

WÁKÀTÍ 72 

Ní ọ̀rọ̀ yìí, aago ń lọ. Wákàtí 72, èyíinì ni ọjọ́ mẹ́ta, ni a ní láti fi bẹ̀rẹ̀ oògùn tí ń dènà kòkòrò HIV. Bí a bá tètè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa jù, ọjọ́ 28 gbáko ni ọmọ yóò sì fi lò ó láìpa ọjọ́ kan jẹ. Bí ọjọ́ mẹ́ta bá ti kọjá, a kì í bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ mọ́. Bí ọmọbìnrin náà bá ti ń ṣe nǹkan oṣù, tàbí tí ó ti fẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀, oògùn wà tí ń dènà oyún. Láàárín ọjọ́ márùn-ún ni a lè lò ó, ṣùgbọ́n ti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni ó dára jù. Dókítà yóò tún wò ó bóyá ó nílò oògùn àtọ̀sí àti ti rẹ́kórẹ́kó, abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì, àti abẹ́rẹ́ àrùn ẹ̀dọ̀ tí ń jẹ́ hepatitis B. Nítorí náà, bí ó bá ṣẹlẹ̀ ní alẹ́ Sátidé, ẹ má ṣe dúró di ọjọ́ Ajé.

Ìkejì, ẹ má ṣe wẹ ọmọ náà kí dókítà tó rí i. Mo mọ̀ pé ohun tí ọwọ́ ìyá ń yá sí ni omi gbígbóná, omi iyọ̀ tàbí Dettol, kí ó lè fọ ìdọ̀tí náà kúrò. Ìfẹ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rí ni ó ń fọ̀ dànù, ó sì lè bó ọmọ lára sí i. Aṣọ àti pátá tí ó wọ̀, ẹ má ṣe fọ̀ wọ́n. Bí wọ́n bá tutù, ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbẹ wọ́n, kí ẹ sì dì wọ́n sínú bébà tàbí àpò oníbébà. Ẹ má ṣe dì wọ́n sínú ọ̀rá, nítorí pé ọ̀rá a máa mú kí aṣọ hu ìhùkuhù, ẹ̀rí a sì bàjẹ́. Bí ọmọ bá ti wẹ̀ tí ẹ sì ti fọ aṣọ, ẹ ṣì mú un wá.

Ìkẹta, bí ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù bá ti kọjá kí ọmọ tó sọ̀rọ̀, ẹ má ṣe sọ pé ó ti pẹ́ jù. A ṣì lè yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, a lè tọ́jú àrùn tí ó bá kó, a lè mọ̀ bóyá oyún ti wà, a sì lè tọ́jú ọkàn rẹ̀.

Ìkẹrin, ẹ má ṣe dúró de ìwé ọlọ́pàá kí ẹ tó lọ sí ọsibítù. Ìtọ́jú ni ó ṣáájú. A lè pe ọlọ́pàá nígbà tí ọmọ bá ti wà lọ́wọ́ dókítà.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan kún un, nítorí pé ó ti fa ìjà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé. Bí dókítà bá yẹ ọmọ wò tí kò rí ọgbẹ́, èyí kò fi hàn pé ọmọ parọ́. Ibẹ̀ yẹn lára ọmọdé a máa tètè jinná, ọ̀pọ̀ ìṣekúṣe kì í sì í fi àpá sílẹ̀ rárá. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe jókòó ní yàrá kí ó máa la ẹsẹ̀ ọmọ wò láti mọ̀ bóyá "ó ti bàjẹ́". Ọmọ náà kò bàjẹ́. Ẹni tí ó ṣe é ni ìwà rẹ̀ bàjẹ́.

IBI TÍ Ẹ LÈ LỌ

Ní oṣù Keje ọdún 2013, a ṣí ilé ìtọ́jú kan tí ń jẹ́ Mirabel Centre sínú ọgbà ọsibítù yunifásítì ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ní Ìkẹjà. Agbẹjọ́rò Itoro Eze-Anaba ni ó dá a sílẹ̀, òun sì ni irú rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Lábẹ́ òrùlé kan ṣoṣo ni a ti ń yẹ ẹni náà wò, tí a ti ń fún un lóògùn, tí a sì ti ń tù ú nínú, láìgba owó. Láti ìgbà náà irú ilé bẹ́ẹ̀ ti wà ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìpínlẹ̀. Ní Adó-Èkìtì níhìn-ín, a ní èyí tí a fi orúkọ Mọrèmi pè. Bí ẹ kò bá mọ ọ̀nà ibẹ̀, dispẹ́ńsárì tí ó sún mọ́ yín yóò júwe rẹ̀, ìbáà ṣe Ìyìn, Ìgèdè, Ìlawẹ̀ tàbí Ìkẹ́rẹ́ ni ẹ ń gbé. Ẹ tún lè lọ tààrà sí ọsibítù yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkìtì ní Adó, tàbí sí ọsibítù ńlá ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì.

Òfin pẹ̀lú wà lẹ́yìn yín. Ní ọdún 2011 ni Èkìtì ti ṣe òfin tí ó lòdì sí irú ìwà ipá wọ̀nyí, a sì tún un ṣe ní 2019. Ní 2020, òfin mìíràn jáde ní ìpínlẹ̀ wa tí ó sọ ìtọ́jú ọmọ tí a bá ṣe ìṣekúṣe di dandan.

ÌPÀDÉ ẸBÍ

Èyí ni ó le jù. Bí ọ̀rọ̀ bá ti jáde, àwọn àgbà yóò dé. Wọn yóò ní ẹ̀gbọ́n ọkọ ni, onílé ni, ẹni tí ó san owó ilé ìwé ọmọ ni. Wọn yóò ní a kì í ti kọ́ọ̀tù bọ̀ kí a tún ṣọ̀rẹ́. Wọn yóò mú owó wá, wọn yóò dọ̀bálẹ̀, wọn yóò ní kí a ro ti orúkọ ìdílé àti ti ọkọ tí ọmọ náà yóò fẹ́ lọ́la.

Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn àgbà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ààlà ilẹ̀ àti ti gbèsè ni a ń fi òwe yẹn yanjú, níbi tí àgbàlagbà méjì ti dọ́gba. Ọmọdé kò sí ní ìpàdé yẹn. Kò sì gba kọ́bọ̀ nínú owó náà. Nígbà tí a bá túká, òun ni yóò tún máa kí ọkùnrin náà ní òwúrọ̀ pé ẹ káàárọ̀ sà. Ẹni tí a sì fi orí jì ní ilé yìí, ọmọ ilé kejì ni yóò kàn. Òwe kan náà ni ó wí pé aṣegbé kan kò sí, àṣepamọ́ ni ó wà. Àwa ni a ń bá a pa á mọ́.

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti Nàìjíríà, èyí tí a ṣe ní ọdún 2003, wí pé ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 ọmọdé ni, àti pé ẹ̀wọ̀n gbére ni ìjìyà ẹni tí ó bá bá ọmọdé lò pọ̀. Àwáwí pé ọmọ náà fẹ́ ẹ kò lè gbà á sílẹ̀. Ilé ẹjọ́ gíga tí ó wà ní Adó-Èkìtì ti rán ju ẹnìkan lọ sí ẹ̀wọ̀n gbére lórí irú ẹ̀sùn báyìí. Bí ó bá ṣe pé inú ilé kan náà ni ọmọ àti ẹni tí a fura sí ń gbé, ohun àkọ́kọ́ ni kí wọ́n má sùn sí ilé kan mọ́ ní alẹ́ ọjọ́ náà. Bí ó bá jẹ́ pé ọkùnrin náà ni ó ń bọ́ ilé, mo mọ̀ pé ẹrù ńlá ni fún ìyá. Kí ó lọ sí ọ́fíìsì àwọn tí ń rí sí ọ̀rọ̀ obìnrin àti ìgbáyégbádùn ọmọdé ní ìpínlẹ̀ wa, kí wọ́n bá a gbé e.

LẸ́YÌN ÌTỌ́JÚ

Ojú àpá kì í jọ ojú ara, ṣùgbọ́n egbò a máa jinná. Ọmọ tí a gbà gbọ́, tí a tọ́jú, tí a kò fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, yóò tún rẹ́rìn-ín, yóò kàwé, yóò dàgbà di ènìyàn pàtàkì. Ẹ mú un padà wá fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àti oṣù mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí ó máa lọ bá ẹni tí ń tu ọkàn lára, kódà bí ara rẹ̀ bá ti yá. Àdúrà dára, kí a gbà á, kí a sì lo oògùn. Ẹ jẹ́ kí ó padà sí ilé ìwé àti sí eré rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi orúkọ tàbí àwòrán rẹ̀ sí WhatsApp tàbí Facebook, ìbáà ṣe nítorí àánú.

Fún àwọn ọmọ tí nǹkankan kò tíì ṣe, ẹ kọ́ wọn ní orúkọ gbogbo ẹ̀yà ara wọn láìtijú. Ẹ sọ fún wọn pé kò sí àgbàlagbà tí ó gbọdọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n lábẹ́ kí ó sì ní kí wọ́n má sọ. Ẹ yé rán ọmọ kékeré kiri ọjà ní alẹ́, ẹ sì mọ yàrá tí ọmọ ń wọ̀ nígbà tí ẹ bá wà ní ọjà. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwa tí a wà ní ilé ni àgbà náà.

Bí ẹ bá ti ka ọ̀rọ̀ yìí tán, ẹ gé apá tí mo ti sọ̀rọ̀ wákàtí 72, kí ẹ fi í sínú ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ yín. Mo gbàdúrà kí ẹ má nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí aládùúgbò bá kan ilẹ̀kùn yín ní òru pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ẹ ó mọ ohun tí ẹ ó sọ fún un, ẹ ó sì mọ ibi tí ẹ ó sìn ín lọ. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.